Fífi Ẹsẹ̀ Rin Etíkun: Láti Kútọnu Dé Wídà

  Ó pẹ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò àti abẹ́rẹ́ nìkan. Ó tọ́ kí a jáde síta díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa lára.

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí lóṣù yìí kò gba ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn ín, lórí yanrìn, láti Fidjrossè tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Kútọnu, títí dé etíkun Wídà, ní orílẹ̀-èdè Benin tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Òkun ni yóò wà lọ́wọ́ òsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Igi àgbọn àti abúlé àwọn apẹja ni yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn elédè Faransé fi iṣẹ́ ẹja pípa sọ ọ̀nà mọ́tò tí ó gba ibẹ̀ kọjá lórúkọ, orúkọ náà sì bá a mu.

Kí iye kìlómítà yẹn má ṣe ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Àwọn ọmọ ogun ni í rin 40 kìlómítà lóòjọ́, kì í ṣe ìyá tí ó jí fún ọmọ lọ́mú lóru. Ẹ mú apá kan nínú rẹ̀. Tọkọtaya tí ara wọn le lè rin kìlómítà 10 kí oòrùn tó mú. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 lè rin kìlómítà 4 tàbí 5 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bí ó bá sì sunkún, òtítọ́ ni ó ń sọ. Ọ̀nà mọ́tò kò jìnnà sí omi, nítorí náà ibi tí ó bá ti rẹ̀ yín ni kí ẹ ti yà sí i, kí ẹ wá alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó dé tí mo fi mú yín kọjá Badagry, kọjá Sèmè, lọ sí ìlú elédè Faransé? Òkun tí ó wà níbẹ̀ náà ni òkun tiwa. Irú ìgbì kan náà àti ewu kan náà ni, láti Wídà dé Badagry, dé Lekki. Ohun tí ẹ bá kọ́ lọ́hùn-ún ni ẹ ó lò nílé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pariwo ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde pé etíkun ni àwọn ń lọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, lójú ọ̀nà yìí ni obìnrin yóò ti rí bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi omi òkun bọ́ ilé. Ní ti èdè, ẹ má mikàn: Nàgó tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ pọ̀ ní Kútọnu, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá nínú ọjà Dantokpa. Owó Sẹ́fà ni kí ẹ ṣẹ́ sọ́wọ́ ní wẹ́wẹ́, nítorí abúlé kì í ní ṣéńjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 7 àárọ̀. Nígbà tí ẹ bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní àkókò yìí, ẹ̀yìn ni oòrùn yóò ti máa pa yín. Bí ẹ bá dà á rú tí ẹ ti Wídà wá ní òwúrọ̀, ojú ni yóò máa gún yín, orí yóò sì máa fọ́ yín kí ẹ tó rìn jìnnà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ìgbà tí omi yóò fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún tí ó sì ń fà lóòjọ́, àkókò rẹ̀ a sì máa fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà èyí tí aládùúgbò yín sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò wúlò fún yín mọ́. Bí omi bá ti fà, yanrìn tí ó ṣẹ́kù a máa le bí ilẹ̀ ilé tí àwọn ìyá wa àtijọ́ pa. Orí rẹ̀ ni kí ẹ rìn. Ẹni tí ó bá rin yanrìn gbígbẹ lókè, ìgbésẹ̀ méjì rẹ̀ ni yóò jọ ọ̀kan, ojúgun rẹ̀ yóò sì sọ fún un lálẹ́. Síbẹ̀, etíkun yìí dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ni yóò máa wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ìbàdí a sì máa dunni. Ẹ máa yà sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jókòó sábẹ́ igi àgbọn.

Bí ẹ bá ṣe oríire, ẹ ó bá àwọn tí ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ igi kan yóò ti gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun lọ, yóò sì ti tẹ́ ẹ yípo bí ilàjì òṣùpá, okùn kan níhìn-ín, okùn kejì lọ́hùn-ún, wọ́n sì jìnnà síra wọn gan-an. Àgbà àti ọmọdé yóò di okùn mú, wọn yóò máa fi orin fà á, gìgísẹ̀ wọn yóò máa rì sínú yanrìn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ni. Ẹ má ṣe gba àárín okùn àti omi kọjá, ẹ sì má ṣe ya àwọn ènìyàn ní fọ́tò láìtọrọ ààyè. Ìwọ náà kò ní fẹ́ kí àlejò wọ ilé ìdáná rẹ láti wá yà ọ́ ní fọ́tò níbi tí o ti ń rokà.

Nígbà tí àwọ̀n bá gúnlẹ̀ ni ẹ ó rí i pé ìlú ti di ti obìnrin. Àwọn obìnrin yóò ti gbé bàsíà kalẹ̀, wọn yóò máa nájà kí ẹja tó dẹ́kun ìfò. Ọkùnrin ni ó fa ẹja náà jáde, ṣùgbọ́n bí obìnrin kò bá rà á kí ó yan án, yóò ti rà kí oòrùn tó wọ̀. Láti abúlé kan sí èkejì ni ẹ ó máa rí èéfín ààrò. Mo máa ń wo àwọn ìyá wọ̀nyí, mo sì máa ń wo ojú wọn tí ó ti pọ́n, mo sì máa ń rántí pé ìrànlọ́wọ́ wà fún irú iṣẹ́ yìí láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní Chorkor, àdúgbò àwọn apẹja ní ìlú Accra, ni wọ́n ti ṣe ààrò kan ní nǹkan bí ọdún 1970, tí orúkọ àdúgbò náà sì mọ́ ọn lára. Amọ̀ ni a fi ń mọ ọ́n ní igun mẹ́rin, tí a sì ń to àtẹ onígi tí a ta wáyà sí nínú lé ara wọn lórí rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Àwọn àtẹ náà ni ó di ògiri tí ń há ooru mọ́. Igi tí ó ń jẹ kò pọ̀, èéfín tí ó ń tú sójú obìnrin dín kù, ẹja púpọ̀ sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja tà nílé, mọ́líkì tó mọ ààrò lè mọ ọ́n fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kà á sétí ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ ni.

A máa ń gbọ́ pé òkun pe ọmọ báyìí, pé ó ti yàn án tẹ́lẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo omi tí ìgbì bá gbé wá sí èbúté ni ó gbọ́dọ̀ padà. Lábẹ́ omi, yanrìn wà ní òkìtì-òkìtì; ibi tí àlàfo bá wà láàrin òkìtì méjì ni omi ń gbà padà, gbogbo rẹ̀ a sì máa rọ́ gba ojú kan náà bí odò tí ń ṣàn nínú òkun. Odò yìí lè má fẹ̀ ju iyàrá kan lọ, ó sì lè fẹ̀ tó ilé mẹ́ta. Agbára rẹ̀ lè ju ti òmùwẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí ó wá burú jù nínú rẹ̀ ni pé ibẹ̀ gan-an ni ojú omi ti ń dákẹ́. Ìgbì ń fọ́ níhìn-ín, ó ń hó funfun. Ìgbì ń fọ́ lọ́hùn-ún. Ní àárín wọn ni ibì kan wà tí kò fọ́ púpọ̀, tí omi rẹ̀ ṣú díẹ̀, tàbí tí ó pọ́n nítorí yanrìn tí ó ń kó lọ, tí ìfófó orí rẹ̀ ń lọ sí agbami dípò kí ó máa bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìyá tí kò mọ̀ yóò wò, tí yóò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Wá síhìn-ín, ibí yìí rọlẹ̀."

Kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ kan tọ omi lọ láé, ẹ dúró lórí òkìtì yanrìn fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wo bí ìgbì ti ń fọ́, kí ẹ sì fi ibi tí ó dákẹ́ náà han ọmọ. Ní tèmi, n kì í jẹ́ kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun yìí rárá. Ẹsẹ̀ ni a ń fi omi rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọmọ ni a sì ń dì mú, kì í ṣe ìka rẹ̀, nítorí ìka tí ó tutù a máa yọ́. Ìgbì kan ṣoṣo tí ó ga ju ti ìṣáájú lọ lè gbá ọmọ ọdún 4 ṣubú níbi tí omi ti mu ún dé ọrùn ẹsẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ ni yóò sì gbé e lọ. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹnìkan wà tí ń ṣọ́ omi. Bí ẹ kò bá rí i ní ìjókòó níbẹ̀, kò sí.

Bí omi bá wá fa ènìyàn, àgbà tàbí ọmọ, ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ ni pé odò náà kì í fani lọ sísàlẹ̀. Síta ni ó ń fani lọ. Àárẹ̀ àti ìpayà ni ó ń pani. Ẹni tí ó bá kọjú sí èbúté tí ó ń bá a jà, agbára rẹ̀ yóò tán kí ó tó rin ọ̀pá mẹ́wàá. Kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó máa mí, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó sì kígbe. Bí omi bá ti ń dẹwọ́, kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbáradọ́gba pẹ̀lú èbúté, títí yóò fi dé ibi tí ìgbì ti ń hó funfun, nítorí ìgbì yẹn ni yóò gbé e padà sílé. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ní pálọ̀, lórí ẹní, bí eré: "Omi ti gbé ọ o, kí lo ó ṣe?" Ọmọ tí ó bá ti dùbúlẹ̀ tí ó na ọwọ́ sókè nígbà mẹ́wàá nínú eré yóò rántí rẹ̀.

Ìwọ tí o wà lórí ilẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò sí ìyá tí yóò rí ọmọ rẹ̀ nínú omi tí kò ní fẹ́ bẹ́ sí i. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, òkú méjì ni wọn yóò máa wá. Nítorí náà ni mo fi ń kìlọ̀ pé kí ẹ má ṣe lọ sí etíkun láìmú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 10 tí ó ṣófo dání, kí a dé e pinpin, kí a so okùn gígùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfìfo kẹ́ẹ̀gì kì í rì. Sọ ọ́ sí i kí ó dì í mọ́ àyà. Kí ẹnìkan máa nàka sí ibi tí ọmọ wà, kí ó má gbójú kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíràn sáré pe àwọn apẹja tí ó ní ọkọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e jáde, ẹ má ṣe gbé e dorí kodò, ẹ má ṣe tẹ ikùn rẹ̀ pé kí omi lè jáde. Àṣà àtijọ́ ni, kò dára. Bí kò bá mí, èémí ni kí a fẹ́ sí i lẹ́nu, kí a sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, láìdáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Àwọn ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa máa ń kọ́ni ní èyí. Ó sàn kí a kọ́ ọ nígbà tí ara rọ̀. Bí ọmọ náà tilẹ̀ jí tí ó ń rẹ́rìn-ín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà, nítorí omi tí ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè fi iṣẹ́ tirẹ̀ hàn lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Yanrìn tí ẹ ń tẹ̀ yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Arìnrìn-àjò bíi tiyín ni, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ó ń lọ. Ìgbì tí ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá ni ó ń tì í díẹ̀díẹ̀, láti Ghana kọjá Togo, kọjá Benin, wá sọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá mọ ògiri sínú òkun yóò dá a dúró, ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn ògiri náà ni ebi yóò sì pa. Nígbà tí wọ́n parí èbúté ọkọ̀ Kútọnu ní ọdún 1965, yanrìn kó jọ sí ìwọ̀-oòrùn ògiri rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, ó sì jẹ àdúgbò ènìyàn, ilé àti ọ̀nà. Èbúté Lomé tí wọ́n ṣí ní 1968 ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Aného. Ní Èkó, ògiri òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ọ̀sà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó sọ Bar Beach di ibi tí òkun ń kún bo títì lọ́dọọdún, kí wọ́n tó wá kó òkúta dí i. Ìsémi ńlá tí wọ́n ṣe sórí odò, Akosombo ní 1965 àti Nangbéto ní 1987, tún sé yanrìn tí odò ìbá máa gbé wá mọ́lé. Ní ti Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí ẹrẹ̀ ni èbúté ibẹ̀, kì í ṣe yanrìn. Oṣù mìíràn ni a ó gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń bá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ etíkun tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ́, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà.

Aṣọ àti oúnjẹ kò gba àríyànjiyàn. Mo ti rí àwọn tí ó wọ léèsì àti bàtà gíga lọ sí etíkun nítorí fọ́tò. Ẹ fi ìyẹn fún àwọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń rìn lọ. Bùbá ọ̀fọ̀n tí ó bo apá, fìlà tàbí gèlè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, sálúbàtà tí ó há mọ́ ẹsẹ̀ ti tó. Omi mímu lítà 2 sí 3 fún àgbà kan. Ẹ má ṣe gbé mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì olọ́bẹ̀, nítorí nínú ooru bẹ́ẹ̀ kì í ju wákàtí kan lọ kí kòkòrò àìfojúrí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyin sísè tí a kò tí ì bó, ẹ̀pà, kúlíkúlí, gàrí, ọsàn. Àgbọn yóò wà lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá rí ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí ó dá dúró lórí yanrìn, tí kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti dé etíkun Wídà. Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ́ ọ, ní ìrántí àwọn tí a kó lẹ́rú láti èbúté yìí, tí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò sí nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú wọn, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá. Bahia ní Brazil àti Cuba ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú gbé dìde ní Bahia ní 1835, àwọn kan nínú wọn àti ọmọ wọn padà wá sí Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó, àwọn ni Àgùdà tí ẹ mọ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ni ẹnu ọ̀nà náà wà fún, ẹ sọ fún un bí ó ti rí, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bi yín ní ìbéèrè. Mo fẹ́ràn kí ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ju kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu àjèjì lọ.

Láti ibẹ̀ dé àárín ìlú tó kìlómítà 4, lórí ọ̀nà kan náà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà wá. Ọ̀nà náà gba orí ọ̀sà kọjá, ẹ̀bá rẹ̀ sì ni Djègbadji wà, abúlé tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a máa ha ilẹ̀ ọ̀sà tí ó ti gbẹ, wọn a kó erùpẹ̀ oníyọ̀ náà sínú agbọ̀n, wọn a da omi lé e lórí bí ìgbà tí a ń sẹ́ omi eérú fún ọṣẹ dúdú, wọn a sì gbé omi tí ó bá ro sílẹ̀ ka iná títí yóò fi gbẹ di iyọ̀. Igi inú ọ̀sà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alákàn ni wọ́n ń fi dáná tẹ́lẹ̀, ó sì ti run púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Ẹ ra iyọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Ó dára láti fi pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tí a sè báyìí kò ní èròjà áyódíìnì tí ń dènà gẹ̀gẹ̀ àyàfi bí a bá fi kún un. Aboyún àti ọmọ kékeré, iyọ̀ inú ọ̀rá tí a kọ áyódíìnì sí lára ni kí ẹ máa fi se ọbẹ̀ wọn.

Ọkọ̀ Kútọnu wà ní àárín ìlú Wídà. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì gbọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ dáadáa kí wọ́n tó gun orí àga rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kò fẹ́ràn yanrìn.